Wọ́n fẹ́ àdìrẹ 40 lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà á

Aláàdìrẹ_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá aláró. Àdìrẹ alábẹ́là ni mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta, fóòmù ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Iléeṣẹ́ kan ní Èkó rí iṣẹ́ mi lórí Instagram. Wọ́n ní àwọn fẹ́ aṣọ 40, yáàdì 5-5, búlúù kan náà, àwòrán kan náà, fún ayẹyẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fún mi. Aṣọ mẹ́rin ni mo sábà máa ń ṣe lọ́sẹ̀. Títẹ àbẹ́là sórí yáàdì 5 máa ń gbà mí tó wákàtí méjì ààbọ̀. Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣì mí mú, pé àwọn ọ̀gá ńlá ọjà àdìrẹ Ìtòkú ló yẹ kí wọ́n pè. Mo ti kọ "mi ò ní lè ṣe é" sórí fóònù, mi ò kàn tíì fi ránṣẹ́ ni. Kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó gba irú iṣẹ́ báyìí?

Bàbá_Ìkòkò_Aró:
Ẹ pa ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn rẹ́ ná. "Mi ò tó bẹ́ẹ̀" kò ní òǹkà nínú, a ò lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Aṣọ 40, wákàtí 2½ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 100 ni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìka ọjọ́ ìsinmi jẹ́ ọjọ́ 30. Ẹ yọ ọjọ́ 3 fún ọjà rírà àti fífọ aṣọ. Ẹ yọ 5 sílẹ̀ lẹ́yìn fún lílọ̀, kíkà, dídì àti èyí tó bá ṣèèṣì bàjẹ́. Ó ku 22. Wákàtí 100 nínú ọjọ́ 22 kò pé wákàtí márùn-ún lójúmọ́, aṣọ méjì-méjì ni. Mẹ́rin tẹ́ ẹ ń ṣe lọ́sẹ̀, iye tí oníbàárà ń rà nìyẹn. Kì í ṣe ibi tí agbára yín mọ.

Okùn ló lè dá yín dúró. Yáàdì 5 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15. Aṣọ kọ̀ọ̀kan máa gun okùn nígbà tó bá ti inú aró jáde, á tún gùn ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là. Nígbà òjò, ó lè lo ọjọ́ méjì kó tó gbẹ. Aṣọ méjì lójúmọ́, ìgbà méjì lórí okùn, ọjọ́ méjì nígbà kọ̀ọ̀kan: aṣọ 8 lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn okùn tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 120 lábẹ́ òrùlé. Ṣé ẹ ní in? Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ ta tapólì, tàbí kẹ́ ẹ bẹ aládùúgbò tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ohun tó yẹ kó máa bà yín lẹ́rù nìyẹn, owó kékeré ló sì máa yanjú ẹ̀.

Èlú_Dúdú:
Ìṣirò ẹ̀gbọ́n dáa. Àmọ́ ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé kí aṣọ ìkẹyìn má jọ aṣọ kìíní. Ẹni tó ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í kíyè sí i, torí àwọn oníbàárà ẹ̀ kì í dúró sójú kan náà. Òṣìṣẹ́ 40 máa dúró sójú kan náà, wọ́n á sì ya fọ́tò.

Ẹ ra gbogbo aṣọ funfun lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú béèlì kan. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yáàdì 5 àti íǹṣì 9, torí òwú máa ń sún kì. Ẹ gé 43, kẹ́ ẹ fi mẹ́ta ṣe ìpamọ́. Yáàdì 226 lẹ máa rà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ sítáàṣì kúrò kí àbẹ́là tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aró á mú níbì kan, á kọ̀ níbòmíì.

Ẹ ra aró àti kẹ́míkà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n, ẹ má fi ṣíbí bù wọ́n: ṣíbí tó kún ràbàtà lówùúrọ̀ kì í bá ti ìrọ̀lẹ́ dọ́gba. Ẹ de hydrosulphite (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yòrò sínú omi) pa dáadáa, torí tí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin bá wọlé, agbára ẹ̀ ti lọ. Bó bá jẹ́ aró èlú tàbí indigo oníkẹ́míkà lẹ ń lò, omi tó ti ṣetán máa ń ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n. Tí gbogbo inú omi náà bá ti ń di búlúù kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, ẹ má rì aṣọ sí i. Iye aṣọ kan náà ni kó máa wọ omi kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan náà, kẹ́ ẹ fi fóònù ka àsìkò. Ẹ má gbé omi tó ti rẹ̀ fún aṣọ mìíràn. Omi náà ò gbọ́dọ̀ gbóná débi tí àbẹ́là á fi rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi aṣọ wé aṣọ, kí méjèèjì ti gbẹ, lójú ọjọ́, kì í ṣe lábẹ́ iná.

Sóódà ni kẹ́ ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé sóódà lórí láéláé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Àbẹ́là tó gbóná jù á ràn, ojú àwòrán á fẹ̀; èyí tó tutù jù á kàn lẹ̀ mọ́ òkè, aró á gba abẹ́ ẹ̀ wọlé. Tó bá ń rú èéfín, ẹ dín iná kù. Tó bá gbiná, ìdérí ni kẹ́ ẹ fi bò ó, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sí i.

Ọwọ́ ẹnì kan náà ni kó tẹ gbogbo ẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ máa se, máa sá, máa lọ̀.

Ìyá_Olówó_Òtítọ́:
Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti aró, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Ẹni tí ara ẹ̀ ò dá lójú kì í sábà kọ iṣẹ́, owó ló máa ń dín kù.

Ká ní ohun èlò aṣọ kan (aṣọ funfun, aró, kẹ́míkà, àbẹ́là, gáàsì, omi) jẹ́ ₦14,000. Àpẹẹrẹ ni o, ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò. Aṣọ 43 jẹ́ ₦602,000. Ẹ fi ₦60,000 kún un fún ẹni tẹ́ ẹ máa gbà kó ràn yín lọ́wọ́. ₦662,000 ló máa jáde lápò yín. Tẹ́ ẹ bá tà á ní ₦28,000, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦1,120,000. Ìdajì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ṣáájú, jẹ́ ₦560,000: ẹ máa jẹ gbèsè ₦102,000 kíṣẹ́ tó parí. Ìdá 60 nínú 100 jẹ́ ₦672,000, ìyẹn gbé e. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ ìdá 10, ₦112,000 nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kó kù fún yín, inú ẹ̀ sì ni owó ọkọ̀ àti òógùn tiyín ti máa jáde.

Ẹ bi wọ́n lónìí: ṣé wọ́n máa sanwó sí àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ èèyàn? Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá tíì forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀), orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣé wọ́n máa yọ owó orí? Ìdá mélòó? Ẹ mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó dárúkọ iye.

Kò_Sí_Wàhálà:
Èmi ò gbà pé gbogbo iṣẹ́ ló yẹ kéèyàn gbà o. Ìyèméjì míì, òótọ́ ni. Tí wọn ò bá fẹ́ san àsansílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbàṣọ làwọn máa sanwó, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ àwòrán aláàdìrẹ mìíràn ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ dà kọ, ẹ fi sílẹ̀ kíá.

Àmọ́ "rárá" àti "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan kọ́ ló wà. Ẹ lè kọ báyìí: "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè wá. A lè ṣe aṣọ 40. 20 máa dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 20 tó kù ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ọjọ́ tí àsansílẹ̀ bá wọlé la máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ la fi ń ṣe é, àwòrán lè yàtọ̀ díẹ̀ láti aṣọ kan sí èkejì. Iye yìí wà fún ọjọ́ méje." Ẹ má fi "ẹ jọ̀ọ́" tàbí "ẹ má bínú" kún un.

Aláàdìrẹ_Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: búlúù tí wọ́n rí lórí Instagram, fóònù ti jẹ́ kó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ṣé kí n sọ fún wọn?

Èlú_Dúdú:
Ẹ má fẹnu sọ ọ́, ẹ fi aṣọ hàn wọ́n. Ẹ rẹ ègé mẹ́ta, íǹṣì 12 níbùú àti lóròó, sínú aró: ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, èkejì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀kẹta lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn bí ìṣẹ́jú 15 láàárín wọn. Ẹ kọ 1, 2, 3 sí wọn lára, ẹ fi ránṣẹ́ sí Èkó. Èyí tí wọ́n bá mú, ẹ gé e sí méjì. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìdajì, kí wọ́n kọ déètì, kí wọ́n dá a padà fún yín. Ẹ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.