Re: "Ìdúpè" – dú wo lẹ ń wí gan-an?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìdá sí i, mo ní kí àwọn àgbà sọ tiwọn tán ná, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá ló fà mí jáde. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Ẹ̀gbọ́n ń kó ọ̀rọ̀ eré káàdì jọ sí Yorùbá, wọ́n dé orí bíríìjì, tí ẹni mẹ́rin ń ta ní méjì-méjì, wọ́n wá ní "ìdúpè" la ó máa pe bíìdì, ìyẹn kéèyàn sọ iye tríìkì (ìgbà tí káàdì tiwọn á borí) tí òun àti ẹnì kejì òun máa jẹ kí wọ́n tó ta, pé "dú" inú ẹ̀ ni "dú" inú ìdúnàádúrà, pé ẹni tí ò bá gbà kó mú tiẹ̀ wá. Èmi ò gbà, mo sì ti mú tèmi wá.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ohùn. Tó bá jẹ́ dù tí wọ́n fi ń du ipò, tí wọ́n fi ń du oyè lẹ ní lọ́kàn, ohùn ìsàlẹ̀ ló ni, tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá sì ti tẹ̀ lé e, á di ohùn àárín, ọmọ pírámárì mọ̀ ọ́n. "Ìdupè" ló yẹ kẹ́ ẹ kọ nìyẹn. Àmì òkè wo ló wá gun orí u? Ẹ ní ìdúnàádúrà. Háà! Dú tibẹ̀ yẹn, tẹ́ ẹ bá bi mí, dúró ni: dúró ná, dúró rà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ lọ sọ́jà rí, tí ẹsẹ̀ ń ro ó nídìí igbá ata tí ìyá ò kúrò níbẹ̀, á mọ dú yẹn dáadáa.

Ìyá àgbà mi ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba n'Íbàdàn nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń jókòó ti ọjà. Oníbàárà á dé, "Ìyá, èló lẹ pè é?" Wọ́n á pe iye kan. "Háà, ẹ ti pè é jù, ẹ pè é wálẹ̀." Pè, pè, pè, látàárọ̀ dalẹ́, n ò gbọ́ kí ẹnì kankan dú nǹkan kan. Ìpè la ti ń lò fún kéèyàn fẹnu sọ iye kí òyìnbó tó kó káàdì dé, ẹ̀yin wá lọ so dú mọ́ ọn níwájú bí ẹní so agogo mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n á ní kí ló kan èlùbọ́ kan bíríìjì. Ó kàn án o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mo ti ń ta á, dúpílíkéètì, gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, èyí tó jẹ́ pé káàdì kan náà tí wọ́n pín fún tábìlì wa ni gbogbo tábìlì yòókù máa ta, kó má baà sí pé ẹnì kan ń sunkún pé káàdì burúkú ló wá sọ́wọ́ òun. Nínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú, ìpè 38 ló wà níbẹ̀. 35 ló ní iye, ipele 1 dé 7, kílọ́ọ̀bù, dáyámọ́ǹdì, háàtì, sípéèdì àti notírọ́ǹpù (tí irú káàdì kankan ò ju èkejì lọ). Mẹ́ta tó kù, páàsì (mi ò pe iye kankan) aláwọ̀ ewé, dọ́bù (tó ń mú kí máàkì ìpè alátakò wúwo sí i) pupa, rìdọ́bù (tí wọ́n fi ń dá dọ́bù lóhùn) aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó fi páàsì lélẹ̀, kí ló ń dù?

Ká tiẹ̀ ní ohùn àárín lẹ kọ, ẹ ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún pẹ́. Bíríìjì ayé àtijọ́ ló bá mu, tó jẹ́ gbàǹjo gidi, o lè pe 2 kó o jẹ 4 kí wọ́n sì ka gbogbo ẹ̀ mọ́ géèmù, ìyẹn máàkì tó ń mú èrè ńlá wá, fún ẹ, kéèyàn ṣáà ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́dún 1925, lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gba Panama kọjá, Harold Vanderbilt, olówó ará Amẹ́ríkà kan, yí i padà: iye tó o bá pè nìkan ni wọ́n máa kà mọ́ géèmù. Ìpè ti di àdéhùn látìgbà náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ọjọ́rú tó kọjá. Àwọn alátakò jẹ́ vulnerable (èrè àti ìyà tiwọn máa ń pọ̀ jù), àwa ò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sípéèdì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi, háàtì mẹ́rin tí ọba ṣáájú wọn, dáyámọ́ǹdì mẹ́ta tó ní ayaba, kílọ́ọ̀bù márùn-ún tí jáàkì jẹ́ olórí wọn. Tá a bá ka àwọn káàdì ńlá, póìǹtì 6 péré nínú 40 tó wà nílẹ̀. Ọwọ́ òsì mi pe sípéèdì 1, ẹnì kejì mi háàtì 2, ọwọ́ ọ̀tún sípéèdì 3, mo gbé e dé háàtì 4, òsì ní sípéèdì 4. Ó wá kan ẹnì kejì mi. Ìyá òyìnbó kan ni, ó ti lé ní 70, ọ̀ta gidi (mo fi ọ̀rọ̀ ayò pè é ní ògbóǹtagí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ayò ò gbọ́dọ̀ bá káàdì pàdé, ẹ má bínú). Ó wo káàdì ẹ̀, ó wo àjà, ó tún wo káàdì, ó pẹ́ kó tó fi páàsì lélẹ̀. Ọ̀tún náà páàsì.

Mo ṣírò. Tí wọ́n bá jẹ sípéèdì 4, máàkì 620 ni wọ́n máa gbà. Tí mo bá lọ sí háàtì 5 tí wọ́n dọ́bù, tí tríìkì 2 dín, 300 la máa san. Tí 3 dín, 500, ó ṣì sàn. Tí 4 bá dín, 800, mo gbé. Tí sípéèdì 4 ò bá sì lè jẹ rárá, mo ti fọwọ́ ara mi sọ èrè di gbèsè. Mo pe háàtì 5. Mi ò dù ú o! Mo mọ̀ pé mi ò lè jẹ ẹ́, mo kàn fẹ́ san gbèsè tó kéré ju èyí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ ni.

Wọ́n dọ́bù, tríìkì 2 dín, 300, inú mi ń dùn. Lọ̀tún bá pe adarí ìdíje, ó ní ẹnì kejì mi ti ronú pẹ́ jù, pé ìrònú yẹn ló bá mi sọ̀rọ̀. Òfin 16 nínú ìwé òfin bíríìjì ni, pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ lo ohun tó rí lára ìṣe ẹnì kejì ẹ̀. Adarí gbé káàdì mi lọ bi àwọn kan láìsọ pé ẹnì kankan pẹ́, àwọn kan nínú wọn ní àwọn á páàsì, ló bá dá a padà sí 620. Mo ṣì ń sọ ọ́ pé háàtì 5 ni mo máa pè kódà kó jẹ́ wàrà ló páàsì.

Nítorí náà Bọ̀dá tó ní ká pe páàsì ní "ìdákẹ́", tí wọ́n fi òwe tì í lẹ́yìn pé ẹni bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́: ta ló dákẹ́ níbẹ̀? Páàsì ìyá yẹn pariwo débi pé wọ́n fi gba máàkì lọ́wọ́ wa. Ẹni tó mú "ìkọjá" wá ní tiẹ̀, ibo lẹ ń kọjá lọ? Gẹ̀ẹ́sì lẹ wọ agbádá fún.

Tèmi ni "mo dúró". Oníbàárà tí ò fẹ́ fi kún owó mọ́ á ní "ibẹ̀ ni mo dúró sí o." Ẹ ò rí i pé dú olóhùn òkè tí Ẹ̀gbọ́n ń jà fún, páàsì gan-an ló bá mu? Kí wọ́n máa mú un lọ síbẹ̀, kí wọ́n fi ìpè sílẹ̀ fún wa.

Wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí àwa. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló kọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé àwọn ò fọwọ́ kan káàdì rí, torí bàbá àwọn ní tẹ́tẹ́ ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ẹ ò wọ̀ ọ́ rí.

Ó ku dọ́bù, tẹ́ ẹ pè ní "ìlọ́poméjì". Tríìkì 2 tó dín lọ́wọ́ mi yẹn, 100 ni ká ní wọn ò dọ́bù, wọ́n dọ́bù ó di 300, ìlọ́po mélòó nìyẹn? Tí alátakò bá sì pe háàtì 1, tí mo dọ́bù ẹ̀ kí ẹnì kejì mi lè mú èyí tó wù ú nínú irú káàdì mẹ́ta tó kù, kí la lọ́po níbẹ̀? Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan tó gba méjèèjì kó kọ ọ́ síbí, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ fi àmì ohùn orí ẹ̀ síbi tó yẹ.