Ṣé òótọ́ ni pé omi háídírójìn ń wo àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà):

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìlera ìyá mi ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín. Àwọn méjì kan wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n gbé ìgò kan tí ń lo bátìrì dání, wọ́n sì ní bí ènìyàn bá da omi sí i tó sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, omi náà yóò kún fún háídírójìn kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó kọjá, àti pé ẹni tó bá ń mu ún láràárọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti oríkèé ríro. Kí wọ́n lè fi hàn pé omi tí à ń mu kò dára, wọ́n ki irin méjì bọ inú ife omi kànga ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n so ó mọ́ iná, kò sì pẹ́ tí omi náà fi pọ́n rúsúrúsú, tí ìdọ̀tí sì léfòó lórí rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí omi tí àwọn fúnra wọn gbé wá, kò yí padà rárá. Gbogbo àwọn ìyá ló patẹ́wọ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Màámi ti ń gba oògùn àtọ̀gbẹ àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn Wesley Guild. Ní báyìí, wọ́n ń bi mí bóyá àwọn lè máa fi oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mo bá bá wọn ra ìgò yìí. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn tí ń tà á ní a lè máa san án wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ ohun tí òṣómàáló ń ṣe fún ẹni tó bá jẹ gbèsè. Kí ló wà nínú omi yìí gan-an, ṣé àwọn onímọ̀ sì ti rí nǹkan kan nínú rẹ̀?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú àníyàn Màámi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí irin méjì yẹn, nítorí òun ló ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Irin tí wọ́n ki bọ omi gan-an ló ń yọ́. Iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ máa ń wà nínú omi kànga, àwọn ló sì ń jẹ́ kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí iná bá ti ń kọjá, ọ̀kan nínú irin méjèèjì yóò máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì jẹ kúrò lára rẹ̀ yóò di ìpẹtà, èyí tí ẹ rí tó pọ́n. Omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò kì í gbé iná dáadáa, nítorí náà irin kì í yọ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún padà wá, ẹ ní kí wọ́n bu iyọ̀ ìsebẹ̀ díẹ̀ sínú omi tiwọn kí wọ́n tó tan iná, kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì jọ wò ó. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá kòkòrò àrùn wà nínú kànga náà, kò sì sọ bóyá òjé tàbí mẹ́kúrì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yìí ní ìdí láti béèrè nípa méjèèjì.

Ní ti omi náà fúnra rẹ̀, gáàsì háídírójìn ni wọ́n tú sínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tú gáàsì mìíràn sínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Gáàsì yìí kì í fẹ́ dúró sínú omi. Láìfi agbára tì í, lítà omi kan kò lè gbà ju nǹkan bíi mìlígíráàmù 1.6 lọ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò dín kíkan omi kù, bí àwọn kan ṣe máa ń pa á pọ̀ mọ́ omi tí wọ́n ń pè ní alkaline. Nítorí pé kò sí èròjà tó fúyẹ́ tó o, ó máa ń gba ara ike sá jáde, ife tí a ṣí sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan yóò sì ti pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi omi náà po tíì gbígbóná, omi lásán lẹ mu.

Ohun kan sì wà tí àwọn tí ń tà á kì í sọ. Inú wa ń ṣe háídírójìn fúnra rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ̀wà, àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá máa ń jẹ irú ṣúgà tí ara wa kò lè dà, háídírójìn sì wà lára gáàsì tí wọ́n ń tú jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì ń mí i síta. Àwọn dókítà tilẹ̀ máa ń wọn háídírójìn inú èémí aláìsàn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ kò gba wàrà. Háídírójìn tí àwo ẹ̀wà kan ń ṣe nínú wa ju èyí tó wà nínú ìgò wọn lọ dáadáa. Ẹ̀wà kò sì wọ́n tó ìgò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ilé-Ifẹ̀):

Olùkọ́ ti ṣe àlàyé tó yé ènìyàn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò sí ìwádìí kankan rárá, nítorí àwọn tí ń tà á yóò mú ìwé jáde bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Japan, tí Shigeo Ohta wà lára wọn, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine. Wọ́n rí i pé háídírójìn lè pa èyí tó burú jù nínú àwọn free radical, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tí ń ba ara jẹ́, láìfọwọ́ kan àwọn tí ara ń lò fún iṣẹ́ rere, àti pé ó dín ìpalára kù nínú ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé fún ìgbà díẹ̀. Eku ni wọ́n fi ṣe é o, gáàsì ni àwọn eku náà sì fà símú, kì í ṣe omi. Ní 2008, wọ́n fún ènìyàn 36 ní omi náà ní Japan kan náà, 30 nínú wọn ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń mu mìlílítà 900 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ìyípadà tó wà níbẹ̀ kéré, ara ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i jù.

Èyí tó yẹ kí a fi ojú sí jù ni ti àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tí ń mú kí ara máa gbọ̀n. Ìwádìí kékeré kan kọ́kọ́ fi hàn pé omi náà ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Nígbà tí wọ́n wá kó aláìsàn 178 jọ, tí apá kan ń mu lítà kan omi háídírójìn lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 72, tí apá kejì sì ń mu omi lásán láìmọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 2018. Ṣùgbọ́n ìwádìí kékeré àkọ́kọ́ yẹn ṣì ni ẹ óò máa rí nínú ìwé ìpolówó.

Bí wọ́n bá ní ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ohun tí FDA, àjọ wọn tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ṣe ní 2014 ni pé wọn kò tako ẹni tó fẹ́ fi háídírójìn sínú ohun mímu. Èyí túmọ̀ sí pé kò léwu láti mu. Kò túmọ̀ sí pé ó ń wo àrùn. Ní Japan níbi tí ọjà náà ti gbajúmọ̀ jù, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ní 2017 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú ìpolówó tí kò ní ẹ̀rí.

Ní ti Màámi, ẹ jọ̀wọ́, wọn kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀, ì báà ṣe ìdajì hóró. Àti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, wọn kì í dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ara lè yá gágá fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí a ti dá oògùn dúró, nígbà tí ojú, kíndìnrín àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ń bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀, a kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí apá kan ara bá rọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n tún ń ta hóró tí wọ́n ń jù sínú omi pẹ̀lú. Magnésíọ̀mù ló sábà máa ń wà nínú irú hóró bẹ́ẹ̀, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò bá sì ṣiṣẹ́ dáadáa kò lè tètè tọ̀ ọ́ dànù. Àwọn àgbàlagbà tó ti ní àtọ̀gbẹ fún ìgbà pípẹ́ gan-an ni kíndìnrín wọn máa ń ní ìṣòro.

Bàbá Afẹ̀yìntì (Iléṣà):

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Èmi ní ìgò yìí, ọmọ mi ló rà á fún mi. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó ni ìgbẹ́ mi ti ń rọ̀, tí orí kì í fọ́ mi lọ́sàn-án mọ́. Mi ò fi oògùn mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kò ṣe mí ní oore.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ kú ara líle, Bàbá, inú mi dùn pé oògùn yín ò dúró. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: kí ìgò náà tó dé, omi mélòó lẹ ń mu lójúmọ́? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í mu tó, nítorí pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n mọ́, bí ìgbẹ́ ṣe ń le nìyẹn, tí orí sì ń fọ́. Bí ìgò ló jẹ́ kí ẹ máa mumi, ẹ máa mu ún lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà):

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún Màámi, wọ́n ní àwọn kò rà á mọ́, wọ́n sì ní àwọn yóò bu iyọ̀ dání lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ìyá kan ládùúgbò wa ti san apá kan owó tirẹ̀, ìgò sì ti wà nílé. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì (Ilé-Ifẹ̀):

Ẹ ní kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú omi tí wọ́n ti sè tó ti tutù, tàbí pẹ̀lú pure water tó ní nọ́ńbà NAFDAC, nítorí pé ìgò náà kì í yọ àrùn kúrò nínú omi kànga. Kí wọ́n má da omi iyọ̀ sí i. Àwọn ìgò olówó pọ́ọ́kú kan kò ní awọ tí ń pín gáàsì sọ́tọ̀ nínú, irú wọn sì lè tú kilorínì sínú omi. Bí omi náà bá ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n sì dá ìgò náà padà fún ẹni tó tà á, kí wọ́n tó san èyí tó kù.