Ṣọ́ọ̀bù Under G àbí ti Tákíè: èwo ni kí n mú?

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Lánlọ́ọ̀dù mi fẹ́ ta ilé, mo sì ti rí ṣọ́ọ̀bù méjì. Ti Under G, àdúgbò tó sún mọ́ yunifásítì LAUTECH, jẹ́ ₦350,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n owó ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà, láìka owó ajẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì. Ti Tákíè jẹ́ ₦280,000, ọdún kan péré, àmọ́ ó há bí àpótí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni oníbàárà mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà níbí nígbà ìyanṣẹ́lódì 2016 mọ ohun tí mò ń bẹ̀rù: ọjà kú, owó ilé ò dúró. Ọ̀rẹ́ mi ní látìgbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ nìkan ti ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní 2020, tí kì í ṣe òun àti Ọ̀ṣun mọ́, ìyẹn ti dìtàn. Ẹnu dùn-ún rò ẹ̀fọ́!

Ṣé onílé lè gbà fún ọdún kan tí mo bá bẹ̀ ẹ́? Ajẹ́ǹtì ò tilẹ̀ fẹ́ kí n rí onílé sójú, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Kí ni kí n ní kí wọ́n kọ sínú àgírímẹ́ǹtì kí wọ́n má baà fowó lé e lójijì?