Báwo ni ayàwòrán ṣe lè sẹ́ ara rẹ̀ kí ó lè rí Ọlọ́run nínú iṣẹ́ rẹ̀?

Ayàwòrán-Ìjọ béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe, ilé ìjọsìn ni mo sì ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún. Nígbà tí mo bá ń ya ojú Olúwa, tó yẹ kí ọkàn mi wà nínú àdúrà, ìyìn àwọn tí yóò wò ó ni mo máa ń bá níbẹ̀: ta ni yóò béèrè ẹni tó yà á, ibo ni n ó kọ orúkọ mi sí tí gbogbo ayé yóò fi rí i. Mo gbà pé ẹni tí kò rí ju ara rẹ̀ lọ kò lè rí Ọlọ́run. Ṣé kí n má kọ orúkọ mi sí iṣẹ́ mọ́ ni, àbí ohun mìíràn wà tó yẹ kí n ṣe?

Olùfẹ́-Ọnà dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àròjinlẹ̀. Ní ọdún 1551, ìgbìmọ̀ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó jókòó ní Mọ́síkò là á sílẹ̀ pé ẹni tí yóò máa ya àwòrán mímọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ àti oníwà tútù, tí ń gbààwẹ̀, tí ń gbàdúrà, kí ó sì tẹ̀ lé àpẹẹrẹ Andrei Rublev, mọ́ńkì tó ya àwọn áńgẹ́lì mẹ́ta tó bẹ Ábúráhámù wò, tí wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká. Rublev kò kọ orúkọ sí àwòrán náà. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kì í gba ìkánjú: wọn á fi àtè lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ mọ́ pákó, wọn á fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ àtè kùn ún léraléra, wọn á ha á títí yóò fi dán, kí wọ́n tó wá po àwọ̀ mọ́ pupa ẹyin. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ni wọn á máa fi èyí tó mọ́lẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ní tèmi, ẹ yọ orúkọ náà kúrò.

Ọmọ-Agbẹ́gilére dáhùn pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọn pé orúkọ ni ìṣòro náà. Nílẹ̀ wa níbí, a kì í fi orúkọ oníṣẹ́ ọnà pamọ́. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀-Èkìtì, kú ní 1938, síbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí kan ní 1988, a kò sì lè tìtorí èyí sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀mí. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń mú ìgbéraga kúrò lára èèyàn.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, lábẹ́ àbójútó Fadá Kevin Carroll. Bámidélé, ọmọ Àreògún ará Òsì tó gbẹ́ àwọn ère ọdún Ẹpa tó lókìkí, wà lára àwọn ọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, ọba Yorùbá aládé ni wọ́n fi àwọn amòye ìlà-oòrùn ṣe. Lámidì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti ń gbẹ́gi láti kékeré nínú ìdílé tiwọn kí ó tó dé Ọ̀yẹ́, síbẹ̀ ó gbà láti tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé. Mùsùlùmí ni, òun ló sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó ń wá ògo ara rẹ̀ nìkan kò ní í lè fi gbogbo ọkàn gbẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń fi sin Ọlọ́run.

Ìpele mẹ́rin ni igi máa ń gbà kọjá: ọnà lílé, alétúnlé (títún ọnà náà ṣe kí ó yọ dáadáa), dídán, àti fínfín (fífín ọnà wẹ́wẹ́ sí i lára). Ọ̀gá ló sábà máa ń ṣe ọnà lílé, níbi tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ ti ń yọ láti ẹnu àáké, ọmọ iṣẹ́ á sì máa fi ọ̀bẹ dán ohun tí òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ń rẹ ọkàn sílẹ̀ ni pé kí èèyàn máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, bí orúkọ tilẹ̀ wà lára iṣẹ́ náà tàbí kò sí.

Akọ̀wé-Lárúbáwá dáhùn pé:

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà. Nínú iṣẹ́ ìkọ̀wé Lárúbáwá, akẹ́kọ̀ọ́ á máa da ìlà ọ̀gá rẹ̀ kọ léraléra, kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ títí ọ̀gá yóò fi fún un ní ìjásà, ìyẹn àṣẹ pé ó ti yege. Nígbà tí ó bá wá ń kọ ọ́, ó sábà máa ń pe ara rẹ̀ ní ẹrú Ọlọ́run tó tòṣì ṣáájú orúkọ náà. Ayàwòrán-Ìjọ, bí ẹ kò bá ní ọ̀gá mọ́, ẹ yan iṣẹ́ àgbà kan tí ẹ bọ̀wọ̀ fún, kí ẹ máa dà á kọ láràárọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín, kí ẹ má sì fi àdàkọ náà han ẹnikẹ́ni.