Ṣé alárenà ni ẹni tó ń fojú so yìgì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láti àná nìyí: kí ni ká máa pe òǹwòran tó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀dá inú eré karí, tó ní dandan ni kí lágbájá fẹ́ làkáṣègbè? Eré àfàwòránṣe oníwin la ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, apá tí oògùn ìfẹ́ ti bọ́ sẹ́nu ẹni tí wọn kò sè é fún ló sì dá ariwo sílẹ̀. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín tán, wọ́n wá ń pariwo pé kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀ kíá. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn ní ship.

Ẹnì kan dá a lábàá pé ká pè é ní awakọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn. Ship yẹn kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi, ìrù relationship ni wọ́n gé. Bí àmì ohùn bá sì já bọ́, bó ṣe máa ń já bọ́ lórí fóònù, báwo la ó ṣe mọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ọkọ?

Alárenà ni ọ̀pọ̀ yín fọwọ́ sí. Ó dùn lẹ́nu lóòótọ́, kò sì sí ọmọ Abẹ́òkúta tí kò ní yé. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Alárenà a máa jíṣẹ́ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, a máa fọgbọ́n wádìí ìdílé wò bóyá àrùn tàbí gbèsè wà níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àwọn ló rán an. Bójú bá sì ti mọjú tán, alárenà a yẹ̀bá. Òǹwòran tiwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Kì í sì yẹ̀bá: ọjọ́ táwọn ẹ̀dá náà bá fẹ́ra tán ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àtàwọn tó ti yan ọkọ mìíràn fún ọmọbìnrin náà. Ibi tó ti wá ṣòro jù ni pé ìyá arúgbó tó gbé oògùn náà kiri nínú apá yìí, iṣẹ́ alárenà gan-an ló ń ṣe. Bí a bá ti fún òǹwòran lórúkọ yẹn, kí la ó pe ìyá?

(Ẹni tó ní alága ìjókòó, torí pé orí àga ni wọ́n jókòó wòran, ẹ kú àwàdà o.)

Ohun tí mo dá lábàá ni afojúsoyìgì, ẹni tó ń fi ojú lásán so yìgì. Fi ojú di fojú, a- iwájú rẹ̀ sì ni ti olùṣe, bíi ti apẹja. Àwọn méjì tó so pọ̀ náà á wá jẹ́ àfojúsoyìgì, bí a ṣe ń pe ohun tí a fọwọ́ kọ ní àfọwọ́kọ. Ẹ má sọ pé yìgì jẹ́ ti mùsùlùmí nìkan. À ń gbọ́ ọ pé wọ́n so yìgì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní kóòtù. Ẹ má sì sọ pé ó gùn. Lẹ́tà 11 ni, ìlà kan nísàlẹ̀ eré sì ń gba 42. Ọ̀rọ̀ tó ń dá wa láàmú ni irú ẹ̀rẹ̀kẹ́: lẹ́tà 5 ni lójú wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a kà á sí 8, torí pé àmì ohùn orí ẹ̀ dá dúró lójú tirẹ̀. Bí àmì ìsàlẹ̀ náà bá tún dá dúró, ó di 11. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé ìlà ti kún nígbà tí kò tíì kún.

Ó ku ọ̀kan. Ẹni tó kọ "ojú rẹ̀ pọ́n" síbi tí wọ́n ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà ní pupa, ẹ tún un ṣe. Ìyà tàbí ìbínú ni Yorùbá ń gbọ́ nínú ìyẹn. "Ojú ń tì í" ló tó, kódà bí kò bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má kọ nǹkan kan. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń tú nímú ọkùnrin nínú eré àwọn ará Japan: ara rẹ̀ ló gbóná sí obìnrin, kò ṣàìsàn.

*

Èsì: Àbúrò, o ṣeun. Mo gba afojúsoyìgì. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí o fi kan awakọ̀ ló padà sọ́rùn rẹ: a- àti à- nìkan ló ya òǹwòran kúrò lára àwọn tó so pọ̀, bí àmì bá sì já bọ́, wọ́n di ọ̀kan. Yìgì àfojúso ni kí o pe ti ìkejì. Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend tẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta wa yìí lọ́dún 1859, ọ̀rọ̀ méjì la fi ń pè é, kálukú sì rí ibi tí wọ́n ti so ó. Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú á gbọ́ yìgì àfojúso láìjẹ́ pé o là á yé e.

Lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì, ship a máa rì bí ìfẹ́ náà bá dàrú. Má kọ "ọkọ̀ mi rì" o. Kọ ọ́ báyìí: "Yìgì àfojúso mi ti tú!" Mo kà á, 22 ni, pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìyanu.