Ìdáhùn: Ọdẹ kọ́, ajíwo ni

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Orúkọ Yorùbá tí a ó máa fi pe olè tó ń pa àgbáǹréré, ẹranko ńlá oníwo lórí imú tí Òyìnbó ń pè ní rhino, là ń wá; "ajíwo" ni tèmi.

Mo ka "ọdẹ àìgbàṣẹ" tí ẹ̀gbọ́n wa ní Kaduna fi pe àwọn tó ń pa àgbáǹréré nítorí ìwo, inú mi ò sì dùn sí i rárá. Kí ni "àì-" ń wá níbẹ̀? Ohun tó ń sọ ni pé ìwé àṣẹ nìkan ló kù fún olúwarẹ̀. Tó bá ti rí i gbà, ó parí! Ọdẹ ni bàbá tó bí mi ní Ṣakí. Kì í yìnbọn lu ẹran tó lóyún, kì í sì í pa ẹran kó gé ibì kan lára rẹ̀, kó wá fi ìyókù sílẹ̀ fún igún. Ẹ má fi orúkọ yẹn pe olè.

Àwọn tí à ń wí yìí, ìwo ni wọ́n ń bá kiri. Wọ́n á fi àáké gé e, nígbà mìíràn ẹran náà ò tíì kú, ó di Vietnam àti Ṣáínà, wọ́n ní oògùn ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tí Ọlọ́run fi dá èékánná wa náà ló fi dá a. Lọ́dún 2014, 1,215 ni wọ́n pa ní Gúúsù Áfíríkà nìkan. Ìran àgbáǹréré tó gbẹ̀yìn sí Kamẹrúùnù, ìtòsí wa níbí, ti run tán. 2011 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Ẹni tó dá "agéwo" lábàá ò rò ó jinlẹ̀. Àwọn olùṣọ́ igbó náà ń gé ìwo: wọ́n á gún ẹran lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á fi ayùn rẹ́ ẹ, á tún hù, kí olè má baà rí nǹkan tìtorí rẹ̀ pa á. Agéwo ni àwọn yẹn. Olè ni ajíwo: a, jí, ìwo.

Àbúrò wa ní Kúbwá ní "ajíwo" yóò dàrú mọ́ "ajíwò" (a, jí, wò). Báwo? Ohùn àárín ló parí ọ̀kan, ohùn ìsàlẹ̀ ló parí èkejì. Ẹ fi àmì sí i! Tí a bá ń sá fún ọ̀rọ̀ nítorí àwọn tí kì í fi àmì sí i, báwo la ó ṣe máa kọ ọdẹ àti ọ̀dẹ̀?

Ti "ìmàdò" tí ẹnì kan fi pe àgbáǹréré lánàá, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni ìmàdò. Ẹni tó sì ní àgbáǹréré inú Bíbélì kì í ṣe ẹranko yìí, kó mú orúkọ tí àwọn àgbà ilé tirẹ̀ fi ń pè é wá.