John Coltrane àti onílù Yorùbá

Ọmọ Òròkí: Ẹ̀yin àgbà, Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ fèrè sásófóònù. Ọ̀gá mi ní John Coltrane, afọnfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, fẹ́ràn onílù Yorùbá kan gidigidi. Ta ni onítọ̀hún?

Ayàn Òkè-Fìà: Babatunde Olatunji ni, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì. Coltrane sọ orin kan ní «Tunji» ní 1962 láti fi yẹ́ ẹ sí. Ní oṣù kẹrin 1967, ó fọn fèrè ní ibùdó àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem, ní New York, kò sì pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fi pa Coltrane, ní ẹni ogójì ọdún. Ó ṣì ń dùn mí.

Etí Odò: Oògùn olóró ló mú kí Miles Davis, olórin jáàsì tó ń fọn kàkàkí, lé Coltrane kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ní 1957, ṣùgbọ́n ọdún yẹn gan-an ló jáwọ́ nínú rẹ̀, tí ó sì lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ Thelonious Monk, olórin jáàsì tó ń tẹ dùùrù. Àbúrò, kọ́kọ́ gbọ́ àwo orin «Blue Train», tí Coltrane gbà sílẹ̀ lọ́dún náà.